Gbogbo nǹkan tí wọ́n yọ lára Píjò yẹn, ẹ bá mi dá a padà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn mẹkáníìkì àtàwọn tó ní Píjò àtijọ́ sọ n'Ìbàdàn nìyí, mo tò ó bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bò mọ́lẹ̀ nìkan ni mo fò.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tẹ́ ẹ jókòó sórí táyà lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀ jù.

Oṣù tó kọjá wọ́n wọ́ Píjò 504 kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, stéṣọ̀n wágọ̀n funfun. Ẹni tó ni ín ní òun ti gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́rin, gbogbo wọn ló ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kó lọ wá tòkúnbọ̀ rà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí n tó fọwọ́ kan spánà rárá, mo kọ́kọ́ ka nǹkan tí ò sí níbẹ̀. Tẹmọ́sítáàtì ò sí. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe tiẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n wé mọ́ ọn lẹ́nu kó lè fún. Wáyà faánù ti já, wọ́n ti fi bọ́ọ̀tì di faánù mọ́ púlì pa. Ilé fílítà afẹ́fẹ́ ò sí, kábúrétọ̀ ń fa eruku títì mì tààrà. Rọ́bà tó ń bo ráákì stíárínì ò sí. Wáyà áàtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì náà ò sí. Nǹkan mẹ́fà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ yẹn ò kú o, wọ́n bọ́ ọ láṣọ ni. A dá nǹkan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, a pààrọ̀ ọ́ìlì, a ṣe tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo àwọn fááfù tó ń ṣí tó sì ń pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín, ọkùnrin náà sì wà á lọ sílé ara rẹ̀ l'Ọ́ṣogbo.

Nǹkan tí mo wá sọ lónìí ò ju ìyẹn lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn Píjò àtijọ́, kì í ṣe ọjọ́ orí ló fà á, ohun tá a yọ ni, a yọ ọ́ torí a ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí torí tuntun ẹ̀ wọ́n, tàbí torí ọ̀gá wa náà ti yọ ọ́ kó tó kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa ibi tọ́kọ̀ yìí ti wá, torí àwọn ọmọdé kan rò pé Kàdúná ni wọ́n ti bí i. Ilẹ̀ Faransé ni Peugeot ti gbé 504 jáde lọ́dún 1968, àwọn Pininfarina ti Ítálì ló yàwòrán bọ́dì ẹ̀, nígbà tó di 1969 wọ́n fún un ní oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Àwọn Faransé dá ti sálúùn dúró lọ́dọ̀ wọn ní 1983, àmọ́ Kàdúná ń tò ó nìṣó títí ó fi wọ àwọn ọdún 2000, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ṣì fi ń rí pátì ẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó àti ní Agódi Gate níbí. Wágọ̀n ẹ̀ ní sípíríìn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà tó á rántí bó ṣe ń kó èèyàn kún inú, tó tún ń ru ẹrù sórí òrùlé, tó máa gba títì eléruku lọ s'ókè ọya tó tún máa padà wá. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ó máa lọ síbi tí ò sí mẹkáníìkì. Wọn ò fi nǹkan ọ̀ṣọ́ sí i lára. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, torí omi ló ń pa wọ́n jù.

Tẹmọ́sítáàtì. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, ìlẹ̀kùn kékeré yẹn tó máa ń sé tómi bá tutù tó sì máa ń ṣí tómi bá gbóná tó. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nígbà tá a wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ni pé ìlú òyìnbó ló wà fún, ibẹ̀ lòtútù wà, níbí oòrùn ti ń mú tó, yọ ọ́ jù nù. Ẹ rò ó dáadáa. Ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́ kómi òun wà ní bí ọgọ́rin ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kó tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, oòrùn wo ló mú tó bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn? Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, tí ọkọ̀ bá ti ń sáré lójú ọ̀nà gbooro, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná dé ibi tó fẹ́ láéláé. Epo bẹntiróòlù tí ò jó tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíìfù, ìyẹn ihò irin tí pístìn ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀, ríìngì ara pístìn á máa jẹ sílíìfù, ọkọ̀ á máa mu epo, omi tó yẹ kó gbẹ kúrò nínú ọ́ìlì ò ní gbẹ. Níbi tó tún ti wá dùn mí jù, omi tí ò gbẹ yẹn á para pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á di funfun bí ẹ̀kọ mímu sábẹ́ ìdérí ibi tá a ti ń rọ ọ́ìlì, mẹkáníìkì mìíràn á ṣí i, á rí funfun, á ní ha, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, èyí tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì! Wọ́n á tú orí ẹ́ńjìnnì tí ò ní nǹkan kan, wọ́n á ba sílíìfù jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tú u, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ wá di òótọ́. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Torí náà kẹ́ ẹ tó dájọ́ ikú fún gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó bóyá omi ń dín kù nínú rédíétọ̀, ẹ ṣí ìdérí nígbà tó tutù, ẹ dáná, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń ho kútúkútú láìdáwọ́ dúró, ẹ wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Funfun abẹ́ ìdérí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tẹmọ́sítáàtì kan dáa, ẹ má gbà á gbọ́ torí pé ó tuntun nínú páálí. Ẹ gbé ìkòkò omi kaná, ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú omi kó má kan ìdí ìkòkò, kẹ́ ẹ máa wò ó. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ni ìwọ̀n ooru tó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Èyí tí ò bá ṣí kómi tó ho, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ìdérí rédíétọ̀ ńkọ́? Ìdérí yẹn kì í ṣe fún kómi má dà nù nìkan. Sípíríìn inú ẹ̀ ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀, omi tá a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í tètè ho, bí ìkòkò tá a gbé òkúta lé lórí. Tẹ́ ẹ bá wé ọ̀rá mọ́ ọn, atẹ́gùn á máa jáde, omi tó yẹ kó ṣì dákẹ́ á ti máa ho, á tú jáde, ẹ ẹ́ tún bu omi sí i, ojoojúmọ́ lẹ ó máa bu omi sí i. Gbogbo omi tuntun tẹ́ ẹ bá bù sí i ló ń gbé ẹfun tuntun wọlé. Ẹ ti rí inú kẹ́tùrù tí wọ́n ti ń se omi bọhóòlù fún ọdún mélòó kan, ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí yẹn náà ló ń dí rédíétọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ sì ni tọ́ọ̀pù 504, alumíníọ̀mù ni, búlọ́ọ̀kù ẹ̀ jẹ́ irin, omi lásán láàárín méjèèjì á máa jẹ alumíníọ̀mù yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ojú ọ̀nà omi á fi fẹ̀ kọjá ẹnu gásíkẹ́ẹ̀tì. Kúláǹtì lẹ máa rà. Kì í ṣe nítorí yìnyín, àwa ò ní yìnyín, nítorí ìpẹtà ni. Ẹni tí ò bá lágbára ẹ̀ lóṣù yìí, kó lo omi òjò tó mọ́ títí di ìgbà tó bá rówó, ó sàn ju omi bọhóòlù lọ. Tẹ́ ẹ bá sì ń rọ omi sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ tú u, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ẹ ṣí hítà tó bá ṣì wà, ẹ dáná láìdé e, kẹ́ ẹ máa bu omi sí i títí atẹ́gùn á fi tán nínú ẹ̀. Atẹ́gùn tó há sí orí ẹ́ńjìnnì ti ba tọ́ọ̀pù púpọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣe é parí.

Faánù ẹ̀ nìkan ni mi ò ní bá yín jà lé lórí púpọ̀. Ti 504 ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú, tómi bá gbóná iná á wọ mágínẹ́ẹ̀tì, á fa faánù mọ́ra, tó bá tutù á jù ú sílẹ̀ kó má fi agbára ẹ́ńjìnnì ṣòfò. Ọgbọ́n tó dáa ni. Tí kábọ́ọ̀nù kékeré tó ń fún un níná bá jẹ tán, tí ẹ ò rí òmíràn, ẹ dì í pa kó máa yí nígbà gbogbo, epo á jó díẹ̀ sí i, ariwo á pọ̀, bíárínì wọ́tà pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́ jù, àmọ́ ó sàn ju faánù tó dúró jẹ́ẹ́ nínú gósíló Mọ́kọ́lá lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dì í pa, ẹ yẹ swíìṣì ooru wò, ẹ yẹ wáyà wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wáyà kan ṣoṣo ló já.

Ó yá, sílíìfù. Ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ẹ sún mọ́bí.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japáànù tẹ́ ẹ ń tún ṣe, wọ́n gbẹ́ ihò pístìn sára búlọ́ọ̀kù ni. Ti 504 ò rí bẹ́ẹ̀. Sílíìfù mẹ́rin ló dá dúró nínú omi bí ife mẹ́rin tá a tò sínú agbada, omi kàn wọ́n lára yíká. Nísàlẹ̀ wọ́n jókòó lórí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí tó ń dènà kómi má bọ́ sínú ọ́ìlì, lókè orí wọn yọ díẹ̀ kọjá ojú búlọ́ọ̀kù, yíyọ tó yọ yẹn ni tọ́ọ̀pù fi ń tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì pa. Ọgbọ́n tó dáa gan-an ni o, torí tí sílíìfù bá jẹ tán, ẹ ò nílò tọ́ọ̀nà, ẹni tó ń fá irin, tó máa gbẹ́ ihò búlọ́ọ̀kù, ẹ kàn fa ti àtijọ́ yọ lẹ sì fi tuntun àti pístìn ẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti tú tọ́ọ̀pù, kò sí nǹkan kan mọ́ tó di àwọn sílíìfù yẹn mú. Tẹ́nì kan bá wá yí ẹ́ńjìnnì, bóyá ó fẹ́ rí pístìn tó wà nísàlẹ̀, pístìn á gbé sílíìfù dìde, ìdí á ya, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ẹ ẹ́ to gbogbo ẹ̀ padà tán, ẹ ẹ́ dáná, ó dáa, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan omi á ti wà nínú ọ́ìlì.

Èmi náà ṣe é. Ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá mi rán mi níṣẹ́ kí n nu orí pístìn, mo fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí n lè rí méjì tó wà nísàlẹ̀, mo rí i tí sílíìfù kẹta yọ díẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Onímọ́tò yẹn fi ọkọ̀ ọ̀hún ń gbọ́ bùkátà ilé ni. Nígbà tó padà wá, bíárínì ti lọ, kíráńkì ti bàjẹ́. Ọ̀gá mi san án nínú àpò ara wọn. Láti ìgbà yẹn, kí n tó tú tọ́ọ̀pù 504 màá ti gé páìpù kékeré mẹ́rin sílẹ̀ pẹ̀lú wáṣà ńlá, tí tọ́ọ̀pù bá ti kúrò báyìí, bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù náà ni màá fi dì wọ́n, kí wáṣà tẹ orí sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo bá ṣe ìyẹn tán ni ẹnikẹ́ni tó lè fọwọ́ kan púlì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyọ tọ́ọ̀pù. Ẹ má fà á sókè tààrà, torí gásíkẹ́ẹ̀tì máa ń lẹ̀ mọ́ sílíìfù, ẹ ẹ́ fà wọ́n pọ̀ ni. Ẹ ki irin méjì bọ ihò bọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ mì í títí á fi tú. Tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀, ẹ fi irin tó gún wọn ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún tọ́ọ̀nà, ìwọ̀nba tó bá wọ́ ni kí wọ́n fá, torí tọ́ọ̀pù tí wọ́n bá ti fá lẹ́ẹ̀mẹ́rin ẹ́ńjìnnì á máa nọ́ọ̀kì pẹ̀lú irú epo tí wọ́n ń tà fún wa yìí. Ẹ fọ ihò bọ́ọ̀tì gbẹ, ọ́ìlì tó bá kún inú ihò, bọ́ọ̀tì á tẹ̀ ẹ́ títí búlọ́ọ̀kù á fi sán. Láti àárín lẹ ó ti máa fún bọ́ọ̀tì bọ̀ síta, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú spánà tó ń ka ìwọ̀n agbára, kì í ṣe páìpù gígùn tẹ́ ẹ fi bọ ẹ̀yìn spánà. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í nini lára, bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù Píjò gan-an ni kí wọ́n tò ó fún. Lẹ́yìn náà ẹ dáná, kó gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù di ọjọ́ kejì, ẹ tú bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kẹ́ ẹ tún un fún. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe ti ọjọ́ kejì yìí, torí onímọ́tò ti dúró tì wá. Kó padà wá.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tún un fún tán ni tápẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, 0.10 mìlímítà, ti èéfín tó ń jáde, 0.25. Ti èéfín fẹ̀ jù torí iná ló ń kọjá lára ẹ̀, ó máa ń gùn sí i tó bá gbóná, tẹ́ ẹ bá fún un pọ̀ jù fááfù ò ní padé dáadáa, iná á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ títí á fi jó. Àwọn onímọ́tò máa ń bẹ̀ wá pé ká mú ariwo yẹn kúrò. Ẹ má gbà fún wọn. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún tẹ́tẹ́tẹ́ díẹ̀ sàn fún mi ju èyí tó dákẹ́ lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lórí Toyota rú. Píjò 504 kì í ka nọ́ńbà kìíní láti iwájú níbi rédíétọ̀. Ẹ̀yìn níbi gíà ló ti ń kà á. Bó ṣe ń yìnbọn, ìyẹn bí iná ṣe ń tàn tẹ̀ léra nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni 1-3-4-2, bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yòókù, àmọ́ ẹni tó bá ti iwájú ka ọ̀kan, tó wá fi ṣe táímìn, ọ̀rọ̀ á dojú rú. Àlàfo ẹnu kọ́ńtáàtì tó ń gé iná fún plọ́ọ̀gì, 0.40 mìlímítà. Ihò plọ́ọ̀gì ẹ̀ sì jìn, tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì nísàlẹ̀ ibẹ̀, rọ́bà tó ń dènà ọ́ìlì lókè ló ti gan, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò wọ́n, ẹ má wulẹ̀ máa nu plọ́ọ̀gì lójoojúmọ́.

Kábúrétọ̀, màá yára sọ ọ́. Ẹ dákun, ẹ yéé fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tó ń wọn epo. Bàbà ni, ó rọ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gún un ló ń fẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára á wá di irọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú epo, kẹ́ ẹ fi atẹ́gùn fọn ọ́n. Tí wọ́n bá sì ti gún un kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọkọ̀ tó ń mu epo yẹn, tuntun jẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìwòsàn ẹ̀. Ilé fílítà náà, ẹ dá a padà. Eruku ọyẹ́ ń lọ sílíìfù bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Họ́ọ̀sì epo tó bá ti sán, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì, mo ti rí wágọ̀n tó jó raúraú létí títì.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná, nǹkan kan péré: wáyà áàtì. Tẹ́ ẹ bá ti sọ gíà tàbí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ tẹ́ ẹ gbàgbé láti dá wáyà nínípọn yẹn padà, sítátà á máa wá ọ̀nà mìíràn, á gba inú okùn kílọ́ọ̀ṣì tàbí okùn kábúrétọ̀ kọjá. Okùn tó bá ń gbóná nígbà tẹ́ ẹ bá sítáàtì, ohun tó ń sọ fún yín nìyẹn. Ẹni tó ra bátìrì mẹ́ta lọ́dún kan torí iná ń ṣú, kó lọ fi sáńpépà ha ojú áàtì wò ná.

Ọ́ìlì gíà, ẹ gbọ́ o. Gíà onípele mẹ́rin ti 504 àtijọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń lò, kì í ṣe ọ́ìlì gíà nínípọn tí wọ́n ń bù ní gálọ́ọ̀nù. Tó bá nípọn jù, gíà á le láàárọ̀, onímọ́tò á máa fi agbára kì í, wọ́n á ní gíà ti kú. Ẹni tó bá sì ní 404 nílé, àgbà bàbá yẹn, kó má jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì dífrẹ́ńṣà lásán sí ẹ̀yìn ẹ̀. Jíà ẹ̀yìn 404 kì í ṣe eléyín méjì bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀, irin gígùn tó lọ́ bíi bọ́ọ̀tì tó ń yí jíà bàbà, kẹ́míkà tó wà nínú ọ́ìlì òde òní lè jẹ bàbà yẹn. Bíréèkì náà, ọ́ìlì bíréèkì nìkan. Mo ti rí ẹni tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i torí pé ó wà lójú ọ̀nà, gbogbo rọ́bà inú ẹ̀ ló wú bíi pọ̀npọ́ń, láti ojú másítà títí dé táyà, ọkọ̀ sì di bíréèkì mú kò tú u sílẹ̀ mọ́.

Rọ́bà ráákì. Tó bá ya, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Owó rọ́bà àti owó ráákì, ẹ lọ bèèrè méjèèjì kẹ́ ẹ fi wéra.

Ẹnì kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé òun ò ní 504, 405 lòun ní, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan òun. Ó kàn yín náà. Àmọ́ 405 ní wàhálà tiẹ̀. 504 ní ṣéènì táímìn, tó bá fẹ́ bàjẹ́ á kọ́kọ́ pariwo fún yín. Bẹ́líìtì ni 405 ń lò, bẹ́líìtì kì í pariwo, ó máa ń já ni. Tẹ́ ẹ bá ra 405 tí ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀ kẹ́yìn, ẹ gbà pé wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ rí. Ẹ sì dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wo táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Tí orí wọn bá ti ń fara sún mọ́ ara wọn bí ẹni tó fẹ́ wólẹ̀, bíárínì àpá ẹ̀yìn ti pẹtà, kò sì ní sàn fúnra ẹ̀. Tí Citroën àtijọ́ kan bá sì ṣèèṣì wọ ṣọ́ọ̀bù yín láti Kùtọnù, èyí tó máa ń dìde fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá dáná, ẹ wo àwọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bù sí i. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ́ìlì bíréèkì ò gbọ́dọ̀ kan án láéláé.

Pátì rírà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé tuntun ló dáa ju tòkúnbọ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Lójú tèmi, wọ́tà pọ́ǹpù tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó, tí mo ti yí wò tí mo ti gbọ́ ohùn bíárínì ẹ̀, mo fẹ́ ẹ ju tuntun inú páálí dídán tí abẹ́ ẹ̀ fúyẹ́ lọ. Àmọ́ nǹkan rọ́bà, nǹkan gásíkẹ́ẹ̀tì, nǹkan bíréèkì, tuntun lẹ máa rà, rọ́bà a máa gbó nínú páálí pàápàá. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Sílíìfù ẹ́ńjìnnì 1.8 jẹ́ 84 mìlímítà, ti 2.0 jẹ́ 88, ẹ̀yin tí ẹ ò bá wọ̀n wọ́n, ẹ lè gba irin-àjò ọjà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè pọ̀, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀ síbí, ṣùgbọ́n màá kọ ti ìyá kan tó jókòó lápá òsì, torí ọ̀rọ̀ wọn ò kúrò lọ́kàn mi.

Wọ́n ní, «Ọmọ mi, 504 bàbá àwọn ọmọ mi wà nínú ọgbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Ọmọ àbúrò mi kan ní òun máa gbé bátìrì sí i ní Sátidé, òun máa dáná sí i kí n lè gbọ́ ohùn ẹ̀. Ṣé kó wá?»

Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, kó wá, ṣùgbọ́n kó má tíì mú bátìrì. Ọdún mẹ́jọ, ọ́ìlì ti ṣàn kúrò lára sílíìfù, ríìngì lè ti lẹ̀ mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá fi sítátà já a gbà ẹ lè ṣẹ́ ríìngì. Kó kọ́kọ́ wo inú ilé fílítà àti ẹnu sàléńsà, eku máa ń kọ́lé síbẹ̀. Kó fa epo àtijọ́ tán nínú táńkì, èyí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe epo mọ́. Kó yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi síbí kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, tó bá ṣeé ṣe di ọjọ́ kẹta. Kó wá ki spánà bọ nọ́ọ̀tì púlì níwájú, kó yí i jẹ́jẹ́ lọ́nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí. Tó bá kọ̀, kó má já a, kó tún da ọ́ìlì sí i kó tún dúró. Tó bá yí yíká lẹ́ẹ̀mejì láìkọsẹ̀, kó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ẹ̀, kó da omi àtijọ́ nù, kó rọ tuntun, kó wo bíréèkì, ó ṣeé ṣe kí kílọ́ọ̀ṣì náà ti lẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni bátìrì, ká sì yí i láìfi plọ́ọ̀gì sí i títí iná ọ́ìlì á fi kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ọ́ìlì ti gun òkè.

Ìyá náà ní gbogbo ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ yẹn, ó lè gbàgbé ọ̀kan. Mo bi wọ́n pé ṣé nǹkan kan ti yọ lára ọkọ̀ náà. Wọ́n ní rárá o, bàbá kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án, bó ṣe ti Kàdúná dé ló ṣe wà.

Mo ní, mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná sí i kí n tó dé. Màá wá l'Ọ́jọ́bọ̀ láti da ọ́ìlì sínú ihò plọ́ọ̀gì, Sátidé ni ká jọ gbọ́ ohùn ẹ̀.